Òbu: Òkúta Tí Wọ́n Fi Ń Se Ọbẹ̀ Kí Iyọ̀ Tó Dé Ọ̀yọ́

Bẹ́ ẹ bá wà nínú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Lẹ́kí báyìí, ẹ fara balẹ̀, ìtàn tòní máa sìn yín dé Ajah. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ ni. Kì í ṣe iyọ̀ inú ọ̀rá tí mọ́mì ń rà nìkan o. Iyọ̀ tó jẹ́ òkúta ni, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ nínú ilẹ̀ bí ẹni ń gbẹ́ èédú.

Ìbéèrè tó fà á rèé: kí iyọ̀ tá a mọ̀ lónìí tó dé ilẹ̀ Yorùbá, kí ni wọ́n ń fi sí ọbẹ̀? Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi lórí WhatsApp. Ẹnì kan ní iyọ̀ ti wà láti ọjọ́ tí Odùduwà ti fi ẹ̀wọ̀n rọ̀. Ẹnì kejì ní Maggi ni. Ẹ má dá a lóhùn.

Ìdáhùn wà nínú ìwé tí ọ̀pọ̀ wa mọ orúkọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tá ò ṣí rí, The History of the Yorubas tí Samuel Johnson kọ. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni Johnson, ìlú Ọ̀yọ́ ló sì ti ṣiṣẹ́. Ó parí ìwé náà ní 1897, ó fi ránṣẹ́ sí òyìnbó tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́, ó sì sọnù síbẹ̀. Ní 1901, Johnson kú láìfojú kan ìwé ara rẹ̀. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó tún un kọ látinú àwọn àkọsílẹ̀ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀, 1921 ló tó jáde. Mo máa ń ronú nípa ìyẹn nígbàkigbà tí fáìlì ohùn mi bá bà jẹ́.

Nígbà tí Johnson dé orí Aláàfin tó ń jẹ́ Ọbalókun, kò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ogun. Ó ní ohun tó ṣe pàtàkì jù láyé ọba yẹn ni pé ìgbà náà ni iyọ̀ kọ́kọ́ wọ ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn onítàn òde òní fojú díwọ̀n àsìkò Ọbalókun sí nǹkan bí ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1600. Ṣáájú ìgbà náà, Johnson ní, òkúta oníyọ̀ kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ ládùn ni wọ́n ń lò. Òbu lorúkọ rẹ̀. Nígbà tí tuntun dé, wọn ò kọ́kọ́ pè é ní iyọ̀ rárá. Dùn-mọ́mọ́ ni wọ́n pè é.

Ẹ tún un pè lẹ́nu yín. Dùn-mọ́mọ́. Èèyàn á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ojú ẹni tó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò.

Ẹ jẹ́ n dúró díẹ̀ síbi ọ̀rọ̀ “dùn” yìí, torí èdè wa ti tọ́jú ìtàn pa mọ́ síbẹ̀. Lédè Gẹ̀ẹ́sì, ṣúgà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀, iyọ̀ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, oyin dùn, ìrèké dùn, ọbẹ̀ tí iyọ̀ rẹ̀ ṣe rẹ́gí náà dùn. Òdì kejì rẹ̀ ni “tẹ́”. Ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ tẹ́, ẹni tójú tì ní gbangba náà tẹ́. Níbi ìsọmọlórúkọ, wọ́n á fi iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu, wọ́n á ní ayé rẹ̀ á dùn. Ṣùgbọ́n Ọbàtálá, tó jẹ́ àgbà òrìṣà, kì í jẹ iyọ̀, àtẹ́ ni oúnjẹ tirẹ̀. Àwọn ọlọ́rìṣà ní àlàyé tiwọn fún èèwọ̀ yẹn, mi ò ní bá wọn du ú. Èmi kàn ń rò ó pé àgbà tó ti ń jẹun kí dùn-mọ́mọ́ tó dé, kò sí ohun tó ní kó yí oúnjẹ rẹ̀ padà nítorí ọjà tuntun.

Mo fẹ́ fojú ara mi rí òbu. Mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Ìkàtẹ́, mo lọ sí ọjà Jakande, mo wá ìyá kan tó ń ta ewé àti egbò.

“Ẹ kú ọjà mà.”

“O káàbọ̀, ọmọ mi. Kí lo fẹ́ rà?”

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ ní òbu?”

Wọ́n wò mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n wo okùn tó wà létí mi. “Òbu òtòyò? Ta ló ní kó o wá rà á? Kí lo fẹ́ fi ṣe?”

“Mo kàn fẹ́ mọ bó ṣe rí ni mà.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ó dáa. Má lọ fi se Indomie o.”

Wọ́n ṣàlàyé fún mi pé inú oògùn ni wọ́n ń lò ó sí báyìí, pé kò sẹ́ni tó ń fi í sí ọbẹ̀ mọ́. Mo fi ahọ́n kàn án. Iyọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iyẹ̀pẹ̀ náà wà níbẹ̀, ohun kan tó korò díẹ̀ sì tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Johnson ò parọ́. Orúkọ yẹn náà, òbu òtòyò, bí mo bá pè é síra, ohun tí etí mi ń gbọ́ ni “òbu ò tó iyọ̀.” Èrò tèmi nìyẹn o. Ẹni tó bá ní àlàyé tó dáa ju bẹ́ẹ̀ lọ, kó fi ohùn ránṣẹ́.

Kí ló ń sọ iyọ̀ di òkúta gan-an? Òkun ni ìyá gbogbo iyọ̀. Bí apá kan òkun tàbí adágún oníyọ̀ bá há sínú kòtò, tí oòrùn ń fà á gbẹ, omi á lọ, iyọ̀ á kù. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá bò ó, tí ọdún gorí ọdún, á tẹ̀ mọ́lẹ̀, á di òkúta tó mọ́ bíi gíláàsì, tàbí tó pupa, tàbí tó dúdú díẹ̀, bí ohun tó bá pò mọ́ ọn bá ṣe rí. Iyọ̀ olómi-rọ́sì tí wọ́n ń tà nínú ìgò kékeré ní súpámákẹ́ẹ̀tì Lẹ́kí yìí, Khewra ní Pakistan ni wọ́n ti ń gbẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀. Òkun tó gbẹ níbẹ̀ ti gbẹ láti ohun tó lé ní mílíọ̀nù 500 ọdún. Irin díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ ló fún un láwọ̀.

Ẹ ó wá bi mí pé, àwa tá a wà létí òkun níbí ńkọ́? Láti ojú fèrèsé mi, mo lè gbọ́ ìlù láti etíkun Elégùṣì lálẹ́ Sunday. Omi oníyọ̀ tó tó nǹkan wà níwájú wa, kí ló dé tí kò sí òkúta iyọ̀ kankan nílẹ̀ Ìkàtẹ́? Òjò ni. Ọ̀rinrin ni. Ẹ ṣí iyọ̀ sílẹ̀ nínú ilé ìdáná yín ní oṣù June, kẹ́ ẹ padà wá wò ó lọ́jọ́ kejì, á ti máa sunkún. Iyọ̀ máa ń fa omi látinú afẹ́fẹ́ bí ọ̀rinrin bá ti kọjá nǹkan bí 75 nínú 100, afẹ́fẹ́ Èkó sì máa ń kọjá ibẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Òkúta iyọ̀ tó bá wà lójú ilẹ̀ níbí, kò ní pẹ́ yọ́ tán. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etíkun wa, sísè ni wọ́n ń se iyọ̀ níbẹ̀. Ní Djègbadji, lẹ́bàá Ouidah ní orílẹ̀-èdè Benin, àwọn obìnrin ṣì ń ṣe é títí dòní: wọ́n á kó iyẹ̀pẹ̀ oníyọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á da omi sí i, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á wá fi iná igi se omi náà títí yóò fi gbẹ. Iṣẹ́ èéfín ni, iṣẹ́ ẹ̀yìn dídùn ni.

Ibi tí òkúta iyọ̀ ti ń jókòó pẹ́, aṣálẹ̀ ni. Ní 1352, Ibn Battuta, arìnrìn-àjò ará Mòrókò, gba inú Sàhárà lọ sí Màlì, ó sì dúró ní Taghaza fún ọjọ́ mẹ́wàá. Ohun tó rí níbẹ̀, bí ẹ bá ṣe é ní fíìmù, àwọn èèyàn á ní irọ́ ni. Iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ilé. Iyọ̀ ni wọ́n fi kọ́ mọ́ṣáláṣí. Awọ ràkúnmí ni wọ́n fi bo òrùlé. Kò sí igi kan níbẹ̀. Àwọn ẹrú ló ń wa ilẹ̀, wọ́n ń yọ iyọ̀ jáde ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ bíi pátákó, wọ́n ń dì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ràkúnmí. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ, ibi tó jìnnà ni wọ́n ti ń gbé e wá, omi wọn ò dáa lẹ́nu, eṣinṣin sì pọ̀. Ibn Battuta ò fẹ́ràn ibẹ̀ rárá, kò sì fi bò.

Ó kọ iye tí wọ́n ń tà á sílẹ̀, èyí ló sì fà mí mọ́ra jù. Ẹrù ràkúnmí kan, tó bá dé Walata, mithqal wúrà 8 sí 10 ni. Tó bá fi máa dé olú ìlú Màlì, ó ti di 20 sí 30, nígbà míì 40. Iyọ̀ kan náà ni o, ọ̀nà ló fi owó kún un. Wọ́n tún ń gé e wẹ́wẹ́, wọ́n ń ná an bí owó.

Nítorí iyọ̀ yìí, ọba Mòrókò àti àwọn Askia ilẹ̀ Songhai bá ara wọn fà á títí. Ní 1591, ọmọ ogun Mòrókò gba aṣálẹ̀ kọjá pẹ̀lú ìbọn, wọ́n sì fọ́ Songhai ní Tondibi. Wúrà ni wọ́n ń wá jù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Taghaza ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ìjà. Nígbà tí Taghaza bà jẹ́, iṣẹ́ kó lọ sí Taoudenni, ní nǹkan bí kìlómítà 660 sí àríwá Timbuktu. Wọ́n ṣì ń gbẹ́ iyọ̀ níbẹ̀. Pẹlẹbẹ kan máa ń wọn nǹkan bíi kìlógíráàmù 30 sí 40, ràkúnmí kan á ru mẹ́rin. Láyé ìjọba Moussa Traoré, láti 1969 sí 1988, wọ́n tún sọ ibẹ̀ di ẹ̀wọ̀n. Wọ́n kó àwọn ológun àtàwọn olóṣèlú tó bá ìjọba wí lọ síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ò padà wálé.

Ẹ fi ìṣirò Ibn Battuta yẹn sọ́kàn, kẹ́ ẹ wá wo Ọ̀yọ́ Ilé. Láti Taoudenni sí Ọ̀yọ́, ìyẹn kọjá Timbuktu, kọjá odò Ọya, kọjá ilẹ̀ Ìbàrìbá. Tó bá jẹ́ pé owó ti di ìlọ́po mẹ́ta tàbí mẹ́rin láàárín Walata sí Màlì, èèlò ni yóò jẹ́ tó bá fi máa dé ọjà Akẹ̀sán? Ohun tó wá sí ọ̀dọ̀ wa láti àríwá ni ẹṣin àti káún. Káún, tí àwọn Háúsá ń pè ní kanwa, òun náà òkúta ni, agbègbè adágún Chad ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe iyọ̀ jíjẹ. Òun ló ń jẹ́ kí ewédú yọ̀, òun ló ń jẹ́ kí ẹ̀wà tètè rọ̀. Tẹ́ ẹ bá fi rọ́pò iyọ̀, ẹ ó ríbi tí inú ti máa ń dun èèyàn. Nítorí náà, tálákà Ọ̀yọ́ ń bá òbu rẹ̀ lọ.

Ibi tí Ọbalókun ti wọlé nìyí. Ẹ gbọ́ orúkọ yẹn dáadáa: òkun wà nínú rẹ̀. Johnson ní ọmọbìnrin Aláké ilẹ̀ Ẹ̀gbá ni ìyá rẹ̀, ìyẹn ni pé ìdajì ẹbí rẹ̀ wà ní ìhà gúúsù, níbi tó sún mọ́ omi. Òun ló kọ́kọ́ fi ajẹ́lẹ̀ Ọ̀yọ́ sí Ìjànà, lẹ́bàá Ìlaròó. Ẹ wo àwòrán ilẹ̀ lórí fóònù yín. Láti Ìlaròó, etí ọ̀sà ò jìnnà mọ́. Èmi ò rò pé èèṣì ni kí ọba kan náà ṣí ọ̀nà gúúsù, kí iyọ̀ sì dé láyé rẹ̀. Iyọ̀ òkun gba ọ̀nà kúkúrú wá, ó funfun, ó dùn, òbu sì padà sínú igbá oníṣègùn.

Ṣùgbọ́n apá tó ń dà mí láàmú nínú ìtàn náà kì í ṣe iyọ̀. Johnson tún sọ pé Ọbalókun ń bá ọba òyìnbó kan ṣọ̀rẹ́. Àwọn arọ́kin ní ọba Faransé ni, Johnson fúnra rẹ̀ rò pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ti Pọtogí. Aláàfin kó èèyàn 800 pẹ̀lú ẹ̀bùn, ó ní kí wọ́n lọ kí ọ̀rẹ́ òun lókè òkun. Wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó gbúròó wọn mọ́.

Lẹ́yìn náà, wọ́n ní àwọn èèyàn ń gbọ́ ìró agogo lójú ọ̀run ní ọjà Akẹ̀sán. Wọ́n ní ohùn àwọn tó lọ ni, pé láti ayé kejì ni wọ́n ti ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn.

Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó lè jẹ́ pé iye náà ti pọ̀ sí i lẹ́nu àwọn arọ́kin, 800 pọ̀ jù fún ẹnikẹ́ni láti kó ránṣẹ́ kí ọ̀rẹ́. Ó lè jẹ́ pé wọn ò tó ọgọ́rin. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi rò ó: ọ̀wọ́ èèyàn kan rìn lọ sí etíkun ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà nígbà tí ọkọ̀ ẹrú ti ń ná ibẹ̀, wọ́n wọ ọkọ̀ òyìnbó, wọn ò padà. Ta ni nínú wa tí kò mọ ibi tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ń lọ? Johnson ò sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mò ń sọ ọ́. Ilé àwọn kan wà ní Ọ̀yọ́ tí wọ́n ń jẹ dùn-mọ́mọ́ nígbà náà, tí ọmọ wọn wà lára àwọn tó lọ. Ọ̀nà kan náà ló mú iyọ̀ wá tó sì mú èèyàn lọ, arọ́kin sì kó méjèèjì sábẹ́ ọba kan ṣoṣo. Fún mi, ìyẹn ju gbogbo àtòjọ ogun tó wà nínú ìwé yẹn lọ.

Ẹ jẹ́ ká sáré dé àwọn ọdún 1800, torí òkúta iyọ̀ tún padà wá, ọ̀nà tó sì gbà ya èèyàn lẹ́nu. Ní 1670, àwọn kan ń wá èédú nílẹ̀ ní Marbury, lẹ́bàá Northwich ní Cheshire, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òkúta iyọ̀ ni wọ́n bá pàdé, èyí tí òkun àtijọ́ kan fi sílẹ̀ ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 200 ọdún sẹ́yìn. Wọ́n gbẹ́ ẹ, wọ́n tún ń fi omi yọ́ ọ nínú ilẹ̀, wọ́n ń fa omi náà sókè, wọ́n ń sè é títí á fi di iyọ̀ funfun. Wọ́n fà á débi pé abẹ́ ìlú Northwich di ihò, àwọn ilé bẹ̀rẹ̀ sí í rì. Liverpool wà nítòsí, ọkọ̀ Liverpool sì ń bọ̀ wá sí etíkun wa wá ra epo pupa, tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ àti àbẹ́là, tí wọ́n tún fi ń pa ẹ̀rọ lára. Wọ́n ò lè gbé ọkọ̀ òfìfo wá. Iyọ̀ wà lára ohun tí wọ́n dì síkùn ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òkúta Cheshire ṣe di iyọ̀ inú ìkòkò Èkó, Calabar àti Bonny. Àwọn ẹ̀gbọ́n yín tó ti já pa lọ sí UK, iyọ̀ tí wọ́n ń rí lójú títì nígbà òtútù, púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti ihò Winsford tó wà ní Cheshire kan náà, tí wọ́n ti ń gbẹ́ láti 1844.

Tó bá dé Èkó, ọ̀sà ló kù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Ìkàtẹ́ níhà ọ̀sà, ẹ wo omi yẹn dáadáa. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ ojú omi ń gbà láti Èkó lọ sí ọjà Èjìnrìn, níbi tí àwọn ará Èkó ti ń pàdé àwọn ará Ìjẹ̀bú àti àwọn tó ti òkè wá. Epo ń bọ̀, iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ń lọ. Ẹni tó bá di ọ̀nà láàárín mú àwọn tó wà lókè lọ́fun. Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá mọ èyí. Nígbà tí ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877, wọ́n ti ọ̀nà mọ́ Ìbàdàn. Gómìnà Glover ti mọ̀ tipẹ́ pé ó lè ṣẹlẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi lọ la ọ̀nà míì ní nǹkan bí 1872, láti ọ̀sà ìhà ìlà oòrùn gba Oǹdó kọjá. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà títì yìí wà lára ohun tí Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe àwáwí nígbà tí wọ́n gbógun ti Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ̀n ní 1892. Nígbà tí wọ́n bá ń kọ́ wa ní ilé ìwé, ìbọn ni wọ́n máa ń mẹ́nu bà. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ ní Ìbàdàn lásìkò yẹn á sọ fún yín pé ìbọn nìkan kọ́ ni wọn ò rí rà.

Kì í ṣe pé Nàìjíríà ò níyọ̀ tirẹ̀ nínú ilẹ̀ o. Ní Uburu àti Okposi, ní Ìpínlẹ̀ Ebonyi, àti ní Keana ní Nasarawa, omi oníyọ̀ ń sun látinú ilẹ̀, àwọn obìnrin ló sì ń sè é láti ayébáyé. Nígbà ogun Biafra, tí wọ́n ti ọ̀nà òkun pa, omi Uburu àti Okposi ló gba ọ̀pọ̀ èèyàn là. Ṣùgbọ́n ìjọba dá ilé iṣẹ́ iyọ̀ sílẹ̀ ní Ijoko, ní Ọ̀tà, ní 1973, iyọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe níbẹ̀ sì ti ilẹ̀ òkèèrè wá. Mi ò ní bínú jù lórí èyí, àmọ́ ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀.

Ní ìgbà tiwa náà, iyọ̀ ti ṣe ohun kan tí mi ò lè gbàgbé. August 2014. Ebola ti wọ Èkó ní July, gbogbo ilé ìwé ń bẹ̀rù. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ Friday kan, fóònù ilé wa ò sinmi. Àǹtí mi pè láti Ìbàdàn pé ká fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ká sì mu díẹ̀. Ìyá mi jí wa, a wẹ̀ ẹ́. A ò mu ún, torí bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un nípa iyọ̀. Ní Jos, àwọn kan mu ún. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, àjọ ìlera àgbáyé, WHO, kéde pé èèyàn méjì ni ìròyìn sọ pé ó ti kú ní Nàìjíríà nítorí omi iyọ̀. Àwọn tó ń fi wá ṣẹ̀sín nígbà náà ní a ò gbọ́n. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí wọ́n fi iyọ̀ kàn lẹ́nu lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, tó ń gbọ́ iyọ̀ nínú gbogbo àdúrà ìgbéyàwó, tí ẹ̀rù ikú sì bá a ní aago mẹ́rin òru, kí lẹ rò pé yóò kọ́kọ́ nawọ́ mú?

Nínú ilé tí mò ń gbé ní Ìkàtẹ́ báyìí, iyọ̀ ló ń wá wa. Omi kànga ẹ̀rọ wa ń lámì lẹ́nu. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí: omi òjò tó rì sínú iyanrìn máa ń léfòó lórí omi òkun nísàlẹ̀ ilẹ̀, torí ó fúyẹ́ jù ú lọ. Bí ilé kọ̀ọ̀kan bá ń gbẹ́ kànga tirẹ̀, tí gbogbo wa ń fà á lẹ́ẹ̀kan náà, omi òjò á dín kù, omi òkun á máa gòkè bọ̀. Ọṣẹ kì í hó dáadáa mọ́. A ń ra omi lọ́wọ́ ọlọ́kọ̀ tánkà láti wẹ̀, ní àdúgbò tí omi yí ká.

Ní àdúgbò kan náà ni wọ́n ti ń ta iyọ̀ olómi-rọ́sì ní iye tó lè ra ọ̀rá iyọ̀ lásán púpọ̀. Mo ti rí fídíò tó ní ó ń wo àrùn mẹ́tàlá. Nǹkan bí 98 nínú 100 rẹ̀, iyọ̀ tí ẹ mọ̀ náà ni. Adùn rẹ̀ ò burú, ẹ jẹ ẹ́ bẹ́ ẹ bá fẹ́, ìwọ̀n tí WHO sọ ṣì ni: kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, nǹkan bí ṣíbí tíì kan, pẹ̀lú èyí tó wà nínú Maggi. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ wò lára ìgò rẹ̀ ni áyódíìnì. Láti 1993 ni Nàìjíríà ti ní kí wọ́n máa fi í sí iyọ̀ jíjẹ, torí àìsí rẹ̀ ló ń fa gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn, tó sì ń ṣàkóbá fún ọpọlọ ọmọ látinú oyún. Ọ̀pọ̀ òkúta iyọ̀ tí wọ́n ń kó wọlé ni kò ní in. Ọ̀rẹ́ mi kan tó lóyún oṣù mẹ́rin ti dáwọ́ iyọ̀ ọ̀rá dúró pátápátá, ó ní kẹ́míkà ni. Mo fi ohùn yìí ránṣẹ́ sí i kí n tó gbé e síta. Ó fi ìgò rẹ̀ ya fọ́tò fún mi, a jọ kà á, kò sí áyódíìnì níbẹ̀. Ó ní òun á bi nọ́ọ̀sì òun lọ́jọ́ Wednesday.

Òbu tí mo rà ní Jakande ṣì wà lórí tábìlì mi, lẹ́gbẹ̀ẹ́ máìkì. Ó ti ń fa omi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, káún ló kàn, bí ìyá yín bá ní ìtàn kan nípa rẹ̀, ẹ gbà á sílẹ̀ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ kó tó di ọjọ́ Tuesday.